Èbù Pòtétò Tó Ti Hù Kì Í Dúró De Ìjọba

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sí ọjà Mile 12 lọ ra nǹkan ọbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti ń pariwo chips láti ọjọ́ mélòó kan, ni mo bá dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta pòtétò, èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní Irish. Mo béèrè iye tó ń ta apẹ̀rẹ̀ kékeré. Nígbà tó dá mi lóhùn, mo ní, "Ìyá, ṣé góòlù ló wà nínú ẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì wa, ẹ má bínú sí mi o. Àwọn ará Jos ló ní àwọn ò rí èbù gbìn. Èyí tí wọ́n sì rí, ó ti bàjẹ́ mọ́ wọn nílé kí òjò tó dé."

Mo ra ìdajì ohun tí mo fẹ́ rà, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó wọ́n bá délẹ̀ nílùú yìí, ohun mẹ́ta la máa ń dárúkọ: dọ́là, epo, àti ọ̀nà tí kò dáa. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ní oṣù Keje 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, àjọ NBS tó ń gba ìṣirò jọ fún ìjọba sọ pé ọ̀wọ́n-gógó oúnjẹ ti dé ìdá 40.87 nínú 100 ní oṣù Kẹfà 2024. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ ra ní 1,000 náírà lọ́dún tó ṣáájú ti ń lọ sí bíi 1,400. A jà lórí rédíò, a jà lórí X. Dọ́là, epo, ọ̀nà. Mi ò rántí pé mo gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ èbù.

Èmi ń sọ fún yín lónìí pé apá tó pọ̀ nínú owó tí ẹ ń san lórí pòtétò, wọ́n ti pinnu ẹ̀ ní oṣù mẹ́rin márùn-ún kó tó dé Mile 12. Inú yàrá kékeré kan lórí òkè Plateau ni wọ́n ti pinnu ẹ̀, níbi tí àgbẹ̀ kó èbù rẹ̀ sí kó lè hù. Yàrá yẹn ní àkókò tiẹ̀, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí ló ń jẹ́ èbù pòtétò?

Ẹni tó bá dàgbà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ mọ èbù iṣu. Ẹ gé iṣu, ẹ fi eérú ra ojú ibi tí ẹ gé, ẹ gbìn ín. Pòtétò fara jọ ọ́. Kò dà bí àgbàdo tí ẹ máa gbin hóró rẹ̀. Kò sì dà bí ọ̀dùnkún, tí ọ̀pọ̀ yín rò pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ọ̀dùnkún, ìtàkùn rẹ̀ la máa ń gé gbìn. Pòtétò, pòtétò náà gan-an la máa ń gbìn. Ohun kan náà tí ẹ lè dín jẹ lónìí ni ẹ máa gbìn lọ́la. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú pòtétò Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Plateau ló ti ń wá: Bokkos, Mangu, Barkin Ladi, Riyom àti agbègbè wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun, ó sì tutù. Àwọn òyìnbó tó wá wa kùsà tin ní ayé amúnisìn wà lára àwọn tó gbé e débẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn kan, mo dé Bokkos lẹ́ẹ̀kan, èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan tó gbọ́ Haúsá dáadáa. Baba àgbẹ̀ kan mú wa wọ ilé tó kó èbù sí. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀kan, ó ní kí n rọra. Ẹlẹgbẹ́ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Baba ní àwọn tó wà lápá ọ̀tún ṣì ń sùn. Àwọn tòsì ti jí."

Mo rò pé baba ń ṣàwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Tí ẹ bá wa pòtétò lónìí, ẹ ò lè gbìn ín lọ́la. Á sùn. Oorun yẹn máa ń tó oṣù 2 sí 3, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí. Tó bá jí, èhù, ìyẹn ọ̀mùnú kékeré yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ojú rẹ̀. Ti orí ló máa ń kọ́kọ́ yọ, á sì máa dí àwọn yòókù lọ́nà. Ẹni tó bá kánjú gbìn ín nígbà yẹn, igi kan ṣoṣo ló máa rí nídìí kan. Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ á mú sùúrù díẹ̀, tàbí kó ká ti àkọ́kọ́ yẹn kúrò, kí àwọn ojú yòókù lè là. Igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nídìí kan ló ń fúnni lọ́mọ púpọ̀.

Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí tún ṣe pàtàkì. Tó bá wà nínú àpò, nínú yàrá tó ṣókùnkùn, èhù rẹ̀ á funfun, á gùn bí òwú. Tí wọ́n bá ti gbé e sórí ọ̀kadà, ó ti kán kó tó dé oko. Àmọ́ tó bá wà lórí pẹpẹ tí wọ́n fi igi kàn, kó má nípọn ju ìpele méjì mẹ́ta lọ, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé ṣùgbọ́n tí oòrùn ò pa á, èhù rẹ̀ á kúrú, á sanra, á ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pọ́pù. Sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 ti tó. Pòtétò náà fúnra rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Ìyẹn dára fún gbígbìn, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, torí májèlé tó ń jẹ́ solanine á ti pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé tí èhù bá ti yọ tán, kò sí ẹ̀yìn lọ mọ́. Tí ẹ ò bá gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ara rẹ̀ á hunjọ, omi inú rẹ̀ á gbẹ. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń so ọmọ wẹ́wẹ́ sára èhù láì tíì dénú ilẹ̀. Àgbàdo lè wà nínú kèrègbè títí di ọdún tó ń bọ̀. Ajílẹ̀ lè wà nínú àpò. Èbù pòtétò tó ti hù, ẹ̀mí ló wà nínú ẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò.

Ìṣirò tó ń dun àgbẹ̀

Ẹ mú bírò. Láti gbin hẹ́kítà 1, èèyàn nílò bíi tọ́ọ̀nù 2 èbù. Ìyẹn jẹ́ 40 àpò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò 50. Nínú ìṣirò àjọ FAO, ohun tí à ń kó lórí hẹ́kítà 1 ní Nàìjíríà kò jìnnà sí tọ́ọ̀nù 4. Ní àgbáyé lápapọ̀, ó lé ní 20. Ní Netherlands, ó máa ń tó bíi 40.

Ṣé ẹ rí i? Tí àgbẹ̀ wa bá gbin tọ́ọ̀nù 2 tó ká 4, ó túmọ̀ sí pé nínú apẹ̀rẹ̀ méjì tó ká, ọ̀kan gbọ́dọ̀ padà sínú ilẹ̀ kó tó lè gbin irú oko kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀kan tó kù ló máa tà, tó máa jẹ, tó máa fi san owó ilé ìwé. Àgbẹ̀ Netherlands, nínú 20 apẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ló máa dá padà. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe ò yàtọ̀, òógùn tó ń jáde lára wọn ò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ pọ̀, omi àti ajílẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ pòtétò, èbù ló máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Tí àgbẹ̀ bá kórè, owó ń lé e. Á ṣa àwọn ńláńlá fún Mile 12 àti Bódìjà, torí àwọn yẹn ló ń pa owó. Àwọn kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò rà ló máa fi sílẹ̀ fún èbù. Lójú, ọgbọ́n ni, torí èbù tó dáa náà kì í tóbi, bíi ẹyin adìyẹ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àwọn yẹn kéré? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré torí pé igi tó so wọ́n ń ṣàìsàn. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé máa ń kó fáírọ́ọ̀sì ran pòtétò, fáírọ́ọ̀sì yẹn á sì sá wọ inú ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ ò lè fojú rí i lára èbù. Torí náà, bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa kékeré gbìn lọ́dọọdún, àìsàn ló ń ṣà láì mọ̀. Ọdún kìíní, ó ká díẹ̀. Ọdún kejì, ó dín. Títí á fi sọ pé ilẹ̀ bàbá òun ti rẹ̀. Ilẹ̀ kọ́, èbù ni.

Ọ̀bẹ náà tún wà níbẹ̀. Tí èbù bá wọ́n, àgbẹ̀ á gé ọ̀kan sí méjì tàbí mẹ́ta kó lè káríi. Kò burú tí ojú méjì mẹ́ta bá wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, tí ègé náà ò kéré jù, tí wọ́n sì jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ níbi tó tutù fún ọjọ́ 2 sí 3 kó tó wọlẹ̀. Àmọ́ àrùn kan wà tó máa ń mú kí igi pòtétò rọ lójijì nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Kòkòrò bakitéríà ló ń fà á, ó sì máa ń gun ọ̀bẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan tó ní in, ẹ ò fọ ọ̀bẹ yẹn pẹ̀lú omi tó ní bleach, ẹ tún fi gé ogún míì. Ẹ ti fọwọ́ ara yín pín àrùn káàkiri oko.

Àti pé ẹ má gbàgbé late blight, àrùn tó ń jó ewé pòtétò bí ẹni pé iná lá a. Òun ló wà nídìí ìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Ireland ní 1845, tó pa èèyàn bíi mílíọ̀nù kan, tó sì lé bíi mílíọ̀nù kan míì jáde nílùú wọn. Àrùn yẹn kan náà ló jó oko pòtétò púpọ̀ ní Plateau ní 2014. Ọ̀nà kan tó máa ń gbà sùn di ọdún kejì ni inú èbù tí wọ́n kó pamọ́.

Ta ni ò tètè dé?

Ẹ ò ní sọ pé kò sí ilé iṣẹ́. Iléeṣẹ́ ìwádìí NRCRI, tí olú rẹ̀ wà ní Umudike, ní ẹ̀ka kan ní Kuru nítòsí Jos tó jẹ́ pé pòtétò niṣẹ́ wọn. Òfin irúgbìn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 fún àjọ NASC lágbára láti yẹ irúgbìn wò kí wọ́n tó tà á fún àgbẹ̀. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà náà ti fi owó sí iṣẹ́ pòtétò ní Plateau. Òfin wà, orúkọ wà, pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí baba Bokkos yẹn bá mi sọ ni àkókò. Ó ní tí òjò bá máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, èbù gbọ́dọ̀ ti wà lórí pẹpẹ láti oṣù Kejì. Ó ní ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n kéde, ìgbà tí òun ti ń kọ ebè lẹ́ẹ̀kejì ló dé. Mo bi í pé kí ló wá ṣe sí i. Ó ní òun jẹ ẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nísinsin yìí, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní òun gbin igba, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Tí ìjọba bá kéde pé òun pín irúgbìn, ìbéèrè tí àwa oníròyìn máa ń béèrè ni pé àpò mélòó? Èmi náà wà níbẹ̀, mo ti béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè ni pé: ọjọ́ wo ló dé, ṣé ó ti jí, báwo ni èhù rẹ̀ ṣe gùn tó? Àpò 1,000 tó dé lẹ́yìn òjò, oúnjẹ ni. Kì í ṣe èbù mọ́.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n kúkú ra èyí tó dáa láti òkè òkun, òun náà ní ìṣòro. Netherlands ló ń ta èbù pòtétò jù láyé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, iye náírà tí èèyàn máa kó jọ kó tó rí yúrò kan ti ju ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí tọ́ọ̀nù 2 tó dé oko, àgbẹ̀ ti jẹ gbèsè.

Ẹni tó sá, èbù rẹ̀ ńkọ́?

Apá yìí ló wúwo jù fún mi láti kọ. Ẹ rántí àṣálẹ́ Kérésìmesì 2023. Àwọn agbébọn ya wọ àwọn abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi, èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Ní oṣù Kẹrin 2025, wọ́n tún pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Bokkos. A ka òkú, a ka ilé tó jóná. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí làkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo oṣù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Oṣù Kẹrin. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìgbà yẹn gan-an ni èbù tó ti hù máa ń wà lórí pẹpẹ, tó ń dúró de ilẹ̀. Ẹni tó bá sá lóru ọjọ́ náà, ọmọ ló máa gbé. Kò ní gbé èbù. Tó bá padà dé lẹ́yìn oṣù kan, kódà tí wọn ò jí i, tí wọn ò jó o, ó ti hunjọ, ó ti gbó. Tí wọ́n bá fún un ní ìrẹsì àti àdìrò ní àgọ́, ó máa yè. Àmọ́ kò ní nǹkan kan tó máa gbìn, ìkórè méjì ló sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn: ti ọdún yìí, àti èbù tó yẹ kó ti inú rẹ̀ jáde fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ààbò ní Plateau fi ń dé inú ìkòkò yín ní Surulere, lẹ́yìn tí ìròyìn rẹ̀ ti kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Kenya

Ẹ̀yin tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kìíní 2022 á rántí pé chips tán ní KFC Kenya. Àwọn ará Kenya bínú, wọ́n ní báwo ni chips ṣe máa tán nígbà tí pòtétò kún oko àwọn? Wọ́n wá mọ̀ pé òkè òkun ni ilé oúnjẹ yẹn ti ń kó tiẹ̀ wá, ọkọ̀ ojú omi ló pẹ́. Kí ilé oúnjẹ ńlá tó gba pòtétò lọ́wọ́ àgbẹ̀, irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá sì tọ ìyẹn dé ìdí, ẹ máa padà bá èbù níbẹ̀.

Kenya ni mo ti rí nǹkan kan tí mo fẹ́ràn. Wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké pé nígbà tí pòtétò bá ń tanná lóko, kí wọ́n rìn yíká, kí wọ́n gún igi kékeré sídìí èyí tí ara rẹ̀ le jù. Nígbà ìkórè, ìdí àwọn yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wú, kí wọ́n sì kó ọmọ wọn sọ́tọ̀ fún èbù. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí dọ́là. Ojú àgbẹ̀ àti igi ni. Kò wo àrùn sàn tán, ṣùgbọ́n ó dá ìṣàyàn burúkú yẹn dúró.

Èrò tèmi

Ohun mẹ́ta ni mo rí. Èkíní, kí gbogbo ètò èbù ní Plateau máa ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ òjò. Èyí tí kò bá lè dé kí oṣù Kejì tó parí, kí wọ́n yí i sí ti oko ìrinmi, kí wọ́n má fi ẹ̀tàn pín in. Èkejì, kí wọ́n kọ́ pẹpẹ alátẹ́gùn sí abúlé ju kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan síbi tí kò sí iná lọ. Igi, koríko àti káfíńtà ló nílò. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tó ń ṣètò àgọ́ ka èbù mọ́ ohun ìrànlọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ka ìrẹsì àti oògùn. Ẹni tí ẹ fún lóúnjẹ á jẹun lónìí. Ẹni tí ẹ fún léèbù tó jí, á padà sílé.

Àwa tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní pòtétò tó ti hù lábẹ́ síǹkì báyìí, ẹ sì ti ń rò ó pé ẹ máa gbìn ín sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbìn ín tó bá wù yín, ewé á yọ. Ọmọ ló máa ṣòro, torí ooru alẹ́ ìlú wa ti pọ̀ jù fún un. Èyí tó bá sì ti di àwọ̀ ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín in fún ọmọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jù ú nù, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wo bí èhù yẹn ṣe ń wá ìmọ́lẹ̀ láti inú òkùnkùn, láìbéèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣetán. Ní Plateau, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀ ló wà lórí pẹpẹ báyìí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú lọ́nà ibẹ̀. Tí èmi bá tún padà sọ́dọ̀ ìyá Mile 12, ẹjọ́ dọ́là kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ rò. Màá bi í pé: àwọn ará Jos rí èbù gbìn lásìkò lọ́tẹ̀ yìí?